Wọ́n ń wó ilé iṣẹ́ àtijọ́ létí Thames: ṣé mo ṣì lè jẹ tẹ̀tẹ̀ ẹ̀yìnkùlé mi?

Ìyá Ìbejì Woolwich
Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará. Oṣù tó kọjá ni katapílà wọ ilé iṣẹ́ àtijọ́ tó wà létí odò, lẹ́yìn ilé wa gan-an. Wọ́n ní ilé gogoro ni wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Bí atẹ́gùn bá ti fẹ́, òórùn kan á gba kíṣìnì mi bí ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì. Mo gbin tẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ewúro mi sì wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ṣé kí n máa jẹ wọ́n?

Oníbọ́ọ̀tù
Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìfaradà. Mo ṣe lébìrà ní Stratford, ní London níbí, nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́ fún Olympics 2012. Ilé tó lé ní 200 ni wọ́n wó níbẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo débẹ̀, mo rò pé hámà la máa gbé. Irọ́! Àwọn aláṣọ funfun ló kọ́kọ́ wọlé lọ yọ asbestos, ohun ìkọ́lé tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Asbestos yìí kan náà ni àjà ilé bàbá mi l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ o, èmi ni mo ń fi ayùn rẹ́ ẹ fún kápẹ́ńtà, eruku rẹ̀ á bo irun mi. Níbí, òfin ti de gbogbo rẹ̀ láti 1999. Ẹ bi wọ́n: ṣé wọ́n yọ ọ́ tán kí katapílà tó wọlé? Ṣé wọ́n ń fọ́n omi sí eruku?

Òórùn ọ̀dà yẹn ló ń kọ mí lóminú. Ibi tí ilé gáàsì bá ti wà rí ló máa ń rùn bẹ́ẹ̀. Èédú ni wọ́n ń yan nígbà náà kí gáàsì tó jáde, ọ̀dà rẹ̀ á sì wọ ilẹ̀ lọ. Ilẹ̀ tí Dome, gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n ti ń ṣeré, wà ní Greenwich náà, ilé gáàsì ni tẹ́lẹ̀.

Ní ti erùpẹ̀, fífọ̀ ni wọ́n ń fọ̀ ọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ ńlá kan ń ṣe é bí ẹni ń ṣan ẹ̀wà: yanrìn àti òkúta á mọ́, wọ́n á tún un lò. Ẹrẹ̀ lẹ́búlẹ́bú ni májèlé máa ń lẹ̀ mọ́, òun ni wọ́n ń kó lọ.

Ẹ má jẹ tẹ̀tẹ̀ yẹn ná. Omi lè ṣan eruku orí ewé, kò lè ṣan èyí tí gbòǹgbò ti fà mu. Ewúro inú bọ́kẹ́ẹ̀tì sàn jù, bó bá jẹ́ erùpẹ̀ tẹ́ ẹ rà ló wà níbẹ̀. Ẹ ṣáà fọ̀ ọ́ dáadáa.

Táyé Peckham
Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó fẹ́ ta ilé náà ló ń sanwó fún ẹni tó ń yẹ ilẹ̀ wò. Ta ló wá ń ṣọ́ wọn?

Oníbọ́ọ̀tù
Káńsù ni, àbúrò. Ìwé àyẹ̀wò ilẹ̀ sì máa ń wà lórí ìkànnì wọn, níbi tí wọ́n ń kó ìwé ìyọ̀ǹda ilé kíkọ́ sí. Kì í ṣe àṣírí. Àwa la kì í kà á.

Ìyá Ìbejì Woolwich
Mo ti rí i o, 140 ojú-ìwé! Ilé gáàsì ló wà lórí àwòrán ilẹ̀ àtijọ́ lóòótọ́. Káńsù ní ẹnìkan ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Mo ti fa tẹ̀tẹ̀ tu. Ewúro ti wọlé, ó wà lójú fèrèsé báyìí, bàbá àwọn ìbejì ní òun ò rí tẹlifíṣọ̀n wò mọ́.