Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o, ìyá ìyàwó mi fẹ́ fẹsẹ̀ gun òkè lọ sí Kedarnath

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Delhi ni mò ń gbé, ọmọ Íńdíà ni ìyàwó mi, màmá ẹ̀ ti pé ọdún 63, wọ́n wá ní dandan ni káwọn dé Kedarnath lọ́dún yìí, ilé òrìṣà Shiva tó wà lórí òkè Himalaya lọ́hùn-ún, èmi ni wọ́n sì ní kí n tẹ̀lé àwọn (àna ẹni ni, ṣé mo lè ní rárá ni?).

Mọ́tò ò dé ibẹ̀ o. Téèyàn bá dé Sonprayag, ìlú kékeré kan nísàlẹ̀ òkè, á wọ jíìpù dé Gaurikund, látibẹ̀ ó ku bíi kìlómítà 16 tá a máa fẹsẹ̀ rìn, òkè ni ṣáá, ilé òrìṣà yẹn sì ga ju mítà 3,500 lọ, afẹ́fẹ́ ò pọ̀ tó lókè níbẹ̀. Oṣù karùn-ún ni mo fẹ́ ká lọ torí òjò oṣù keje àti ìkẹjọ máa ń jẹ́ kí òkè ya lulẹ̀, mi ò sì tíì gbàgbé omíyalé tó ṣẹlẹ̀ ní Kedarnath lọ́dún 2013 yẹn.

Ẹni tó bá ti lọ rí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí màmá gun ẹṣin ni àbí ká wọ hẹlikópítà láti Phata, abúlé kan lójú ọ̀nà ibẹ̀? Màmá ní táwọn ò bá fẹsẹ̀ rìn ín, kò kà, bẹ́ẹ̀ orúnkún ń dùn wọ́n! Ṣé ká sùn lọ́nà ni? Oògùn wo ni dókítà kọ fún yín? Ìforúkọsílẹ̀ tó jẹ́ dandan fáwọn tó ń lọ síbẹ̀, ìyàwó mi ti ń bá ìyẹn lọ. Èmi gan-an, àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta lásán, mo ti ń mí hẹlẹ.