Adìyẹ mi ń kú, ẹyẹ odò ni mo fura sí

Ìyá Bọ́sẹ̀ (Ejiba): Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ gbà mí. Adìyẹ ẹlẹ́yin 200 ni mo ń sìn. Lọ́jọ́ Ajé 9 kú, lánàá 17, lónìí 31. Lékeélékèé kún orí òrùlé mi bí aṣọ tí wọ́n sá. Aládùúgbò mi tó ń gbin ìrẹsì kò jẹ́ kí n lé wọn, ó ní wọ́n ń bá òun jẹ kòkòrò. Ẹni tó ta ọmọ adìyẹ fún mi kò gbé fóònù mọ́. Oúnjẹ wọn sì ti di ọ̀wọ́n gógó. Kí ni kí n fún wọn mu? Ṣé kí n gún efinrin, àbí kí n ra tẹtirasáíkílìn?

Olóko Ìsánlú: Lúkúlúkú ni, àrùn Newcastle tó ń pa adìyẹ. Ẹ po LaSota, àjẹsára rẹ̀, sínú omi fún gbogbo wọn lónìí.

Dókítà Ẹran Kabba: Rárá o. Adìyẹ tí ara rẹ̀ yá ni LaSota ń dáàbò bò, kì í wo èyí tó ti dùbúlẹ̀ sàn, kò sì kan fúlúù ẹyẹ, èyí tí mo ń fura sí, rárá. Tẹtirasáíkílìn kì í pa fáírọ́ọ̀sì, irú kòkòrò tó ń fa àrùn méjèèjì. Ìyá Bọ́sẹ̀, ṣé orí wọn wú? Ṣé ogbe wọn dúdú bí aṣọ tí a rẹ láró? Ṣé ẹ̀jẹ̀ hàn lábẹ́ awọ ẹsẹ̀ wọn? Ṣé ọrùn wọn lọ́?

Ìyá Bọ́sẹ̀: Ogbe dúdú, ẹsẹ̀ ní àmì pupa, ẹyin tí wọ́n ń yé kò ní èèpo. Ọrùn kò lọ́. Mo sì ti da jíìkì sílẹ̀ ilé wọn o, ẹ má rò pé ọ̀bùn ni mí. Lékeélékèé yìí ni!

Bàbá Mọ̀pà: Lékeélékèé kì í ṣe ẹyẹ òkè òkun. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń sọ̀ kalẹ̀ sọ́dọ̀ wa, bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ a padà sókè Àríwá. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ igbó ló ń ti Yúróòpù àti Rọ́ṣíà kọjá aṣálẹ̀ wá sí àbàtà Hadejia-Nguru àti adágún Chad. Nǹkan bí oṣù kẹwàá ni wọ́n ń dé, ní oṣù kẹta ni wọ́n ń padà. Fúlúù ẹyẹ náà lè wà nínú ìfun wọn kí ara wọn má sì mọ̀ ọ́n. Wọ́n á yàgbẹ́ sómi, pẹ́pẹ́yẹ ilẹ̀ wa á mu ún, á gbé e síwájú. Kò dìgbà tí ẹyẹ kan ṣoṣo bá fò láti Rọ́ṣíà dé Ejiba. Ọyẹ́ náà tún ń ràn án lọ́wọ́: nínú ìgbẹ́ ẹyẹ, fáírọ́ọ̀sì náà lè lo ọjọ́ 35 níbi tó tutù tó 4°C, ṣùgbọ́n ní 37°C bí ọjọ́ 6 ni.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹyẹ sílẹ̀. Kíréètì ẹyin àti ọkọ̀ alágbàtà ló ń gbé e láti oko dé oko.

Bàbá Mọ̀pà: Ta ló wá gbé e dé ilẹ̀ yìí? Ní 2006 tí irú fúlúù ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní H5N1 kọ́kọ́ wọ Áfíríkà, ní Kaduna wa níbí, ṣé kíréètì ló fò wá?

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀: Wọ́n ń kó ọmọ adìyẹ wọ̀lú láti òkè òkun nígbà náà, Bàbá.

Dókítà Ẹran Kabba: Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti aláìsàn ná. Ìyá Bọ́sẹ̀, níbo lẹ ti ń fa omi?

Ìyá Bọ́sẹ̀: Ìdídò Kampe. Kànga mi ti gbẹ, kí ni kí n ṣe? Pẹ́pẹ́yẹ 6 tí mo rà lọ́jà lọ́sẹ̀ tó kọjá náà ń mu níbẹ̀ kí wọ́n tó wá bá adìyẹ sùn, ara wọn dá ṣáṣá, nítorí náà kì í ṣe omi. Àwọn adìyẹ tó ń tòògbé nìkan ni mo ta láàárọ̀ yìí fún ìyá olóúnjẹ kan, 14 péré, kí gbogbo owó mi má bàa wọgbó.

Olóko Ìsánlú: Yéè!

Dókítà Ẹran Kabba: Ìyá Bọ́sẹ̀, ẹ pè é báyìí, kó má pa á, kó má tu ìyẹ́ rẹ̀. Bí ẹran bá jinná dé 70°C nínú, àrùn náà kú. Ibi títu ìyẹ́ àti yíyọ ìfun ni ewu wà. Ní 2007 fúlúù yìí pa ènìyàn ní orílẹ̀-èdè yìí. Ara pẹ́pẹ́yẹ yín tó dá ṣáṣá gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹ tì wọ́n mọ́lé lọ́tọ̀, kí adìyẹ, ẹyin, ìgbẹ́ tàbí kíréètì kankan má jáde. Ẹ pe dókítà ẹran ìjọba ìbílẹ̀ yín, òun ni yóò mú àpẹẹrẹ lọ sí ilé àyẹ̀wò àrùn ẹran ní Vom, ní Plateau, torí lúkúlúkú náà lè mú ogbe dúdú bẹ́ẹ̀. Ẹ di òkú méjì tó kú lónìí sínú náílọ́nù méjì, kí ẹ fi yìnyín sí i nínú kúlà, ẹ má là á wò. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbomú. Jíìkì tí ẹ dà sórí ìgbẹ́ kò ṣiṣẹ́, ìgbẹ́ ti jẹ agbára rẹ̀ tán. Ẹ fi ọṣẹ fọ ìdọ̀tí kúrò ná, kí ẹ tó po ife jíìkì kan mọ́ ife omi 9, kó wà lójú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Èyí tí ẹ bù sẹ́nu ọ̀nà fún ìtẹ̀sẹ̀, ojoojúmọ́ ni kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ìyá Bọ́sẹ̀: Ṣé wọn á pa èyí tó kù ni?

Dókítà Ẹran Kabba: Bí Vom bá ní fúlúù ni, bẹ́ẹ̀ ni.

Ìyá Bọ́sẹ̀: Ìyá olóúnjẹ kò gbé fóònù. Mo ń lọ síbẹ̀ báyìí.

Dókítà Ẹran Kabba: Ẹ wẹ̀, kí ẹ pààrọ̀ aṣọ. Bàtà oko yẹn, inú oko yín ni kí ẹ bọ́ ọ sí.