Báwo ni mo ṣe lè ṣe é tí ẹgbẹ́ onísátẹ́láìtì wa ò fi ní tú ká?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ni mí n'Íbàdàn, èmi ni wọ́n fi ṣe olórí ẹgbẹ́ wa tó ń kọ́ nípa sátẹ́láìtì. Lọ́jọ́ ìpàdé àkọ́kọ́, èrò pọ̀ débi pé àwọn kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ní báyìí, a ò ju mẹ́fà lọ, àti èmi náà níbẹ̀! Rọ́kẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń retí. Bí wọ́n ṣe ń jó wáyà pọ̀ ni mò ń kọ́ wọn.

CanSat la fẹ́ ṣe, ìyẹn àwòkọ́ṣe sátẹ́láìtì tó wọ inú agolo mínírà, tí yóò máa wọn ìgbóná afẹ́fẹ́ bí párásúùtì ṣe ń gbé e bọ̀ wálẹ̀. Yunifásítì FUTA l'Ákùúrẹ́ ni mo ń wò: wọ́n wà lára àwọn tó ṣe sátẹ́láìtì NigeriaEduSat-1 tó lọ sókè lọ́dún 2017.

Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ máa ń ṣe tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kì í fi sá lọ tí ìdánwò bá dé? Ṣé ká máa dáwó láàárín ara wa ni, àbí ká lọ bá àwọn tó ti jáde? Níbo ni wọ́n sì ti ń ta sẹ́ńsọ̀ gidi, ìyẹn ohun tó ń wọn ìgbóná, n'Íbàdàn? Èyí tí a rà kẹ́yìn sọ pé yàrá ìpàdé wa gbóná tó 80°C, àfi bíi pé inú ìkòkò ẹ̀kọ la wà.