Ogún ọdún lábẹ́ àpò sìmẹ́ńtì: ṣé iṣẹ́ ló ba ìbàdí bàbá mi jẹ́?

Àbẹ̀kẹ́ Lafẹ́nwá:

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọ̀rọ̀ bàbá mi ni mo gbé wá. Abẹ́òkúta la wà. Bàbá ò tíì pé ọgọ́ta ọdún, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí wọn tí wọ́n ń bọ̀ lókèèrè, ẹ ó ní arúgbó ọgọ́rin ọdún ni. Iṣẹ́ lódà ni wọ́n fi tọ́ wa. Bí tírélà bá ti dé láti Ewékorò tàbí Ìbèṣè, àwọn àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ló ń já sìmẹ́ńtì, tí wọ́n ń gbé e wọ inú ṣọ́ọ̀bù. Àádọ́ta kílò ni àpò kọ̀ọ̀kan. Orí ni wọ́n fi ń rù ú nígbà tí agbára ṣì wà, nígbà tó yá ó di èjìká ọ̀tún.

Orúnkún la kọ́kọ́ pè é. Wọ́n ní orúnkún òsì ń dun àwọn, a ra òróró, a fi pa á, a fi omi gbígbóná jó o, kò sí ìyàtọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ní ibi tí itan ti pàdé abẹ́ ikùn gan-an ló ń ro àwọn. Ní báyìí wọn ò lè bẹ̀rẹ̀ gé èékánná ẹsẹ̀, èmi ni mò ń bá wọn gé e. Wọn ò lè gbé ẹsẹ̀ kọjá orí ọ̀kadà. Ní mọ́ṣáláṣí, orí àga ni wọ́n ti ń kírun, ó sì ń dùn wọ́n pé àwọn ò lè forí kanlẹ̀ bíi tàwọn tó kù. Bí wọ́n bá jí láàárọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ di ògiri mú rìn díẹ̀ kí ẹsẹ̀ náà tó là.

Àwọn ẹbí ní wọ́n tẹ nǹkan ni. Wọ́n ní ẹni tó bá wọn du ipò olórí àwọn lódà ló da oògùn sílẹ̀ dè wọ́n. Ẹlòmíì ní ọjọ́ orí ni, ẹlòmíì ní làkúrègbé. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà, ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ òtítọ́, torí àbúrò mi ọkùnrin ti gba òṣùká lọ́wọ́ bàbá. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ yìí ló fà á, a jẹ́ pé irú rẹ̀ ni yóò tún ṣẹlẹ̀ sí òun náà lójú mi. Ẹ̀rù ìyẹn ló ń bà mí jù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ nípa rẹ̀, kó bá mi sọ̀rọ̀.

Lódà Tẹ́lẹ̀:

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Mo ti ṣe iṣẹ́ yẹn rí kí n tó lọ kọ́ iṣẹ́ awakọ̀. Ẹni tí kò bá ṣe é rí yóò rò pé ọrùn ló ń jẹ ìyà jù. Kì í ṣe ọrùn. Bí wọ́n bá sọ àpò lé ọ lórí láti inú tírélà, ìbàdí ló ń gbà á. Bí o bá ń gun pátákó tí wọ́n tẹ́ sẹ́nu ọ̀nà, ní gbogbo ìṣísẹ̀, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ń gbé ìwọ àti àpò. Èyí tó burú jù ni ìgbà tí wọ́n bá ń to àpò ga, tí o ní láti lọ́ ara rẹ pẹ̀lú ẹrù, tí ẹsẹ̀ ò sì kúrò lójú kan. Iye àpò ni wọ́n fi ń sanwó, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń sinmi.

Ohun kan tún wà tí ẹ gbọ́dọ̀ bi bàbá, ẹ fi pẹ̀lẹ́tù bi wọ́n: kí ni wọ́n máa ń lò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀? Níbi tí mo ti ṣe é, ìyá kan wà tó ń ta paraga pẹ̀lú oògùn tí wọ́n dì sínú ọ̀rá, funfun, pupa, àwọ̀ ewé, mẹ́rin márùn-ún pa pọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ wọn. Bí o bá ti gbé e mì, o ò ní mọ̀ pé o lára mọ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Físíò Ìbàdàn:

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ ṣeun tí ẹ bèèrè kí wọ́n tó máa gbé bàbá kiri ilé aláwo. Iṣẹ́ físíò, ìtọ́jú iṣan àti oríkèé, ni mò ń ṣe, àwọn àgbẹ̀, bíríkìlà, lébìrà àti àwọn ìyá tó ń ru igi ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń bá irú ìrora yìí wá sọ́dọ̀ mi. N ò tíì fọwọ́ kan bàbá, nítorí náà n ò ní fi gbogbo ẹnu sọ ọ́. Ṣùgbọ́n èékánná tí wọn ò lè gé, ọ̀kadà tí wọn ò lè gùn, ìrora níbi tí itan ti pàdé abẹ́ ikùn, oríkèé ìbàdí ni gbogbo rẹ̀ ń tọ́ka sí. Ti orúnkún tí ẹ kọ́kọ́ rí yẹn kò yà mí lẹ́nu. Lára àwọn iṣan tó ń gbé ìròyìn ìrora láti oríkèé ìbàdí lọ sínú ọpọlọ ló ń gbé ti orúnkún náà, nítorí náà ìbàdí lè máa bàjẹ́ kó jẹ́ orúnkún lèèyàn ó máa pa lóròóró.

Orí egungun itan rí roboto, inú kòtò tó wà lára egungun ìbàdí ló sì ti ń yí bí ọmọ odó nínú odó. Kèrékèré tó ń dán ló bo méjèèjì kí egungun má baà máa ha egungun. Kèrékèré yìí kò ní ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Bó bá ti gbó, kì í hù padà. Nígbà téèyàn bá sì ń rìn lọ́wọ́ òfo, ohun tó ń tẹ oríkèé yẹn ju ìlọ́po méjì ìwúwo ara rẹ̀ lọ, torí ìgbà tí ẹsẹ̀ kan bá wà lókè, àwọn iṣan ẹ̀gbẹ́ ìdí ní láti fà gidigidi kí ara má baà wó sí apá kan. Ní Berlin, àwọn oníṣègùn ti fi oríkèé onírin tó ní ẹ̀rọ ìwọ̀n nínú sí ara àwọn aláìsàn, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ yẹn ṣe kà á jáde. Ẹ wá fi àádọ́ta kílò lé e.

Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò nílé. Ẹ jẹ́ kí bàbá jókòó sórí ohun tó ga, kí ẹsẹ̀ má kanlẹ̀. Kí orúnkún dúró lójú kan, kí wọ́n rọra gbé àtẹ́lẹsẹ̀ òsì lọ síta, sí apá òsì. Itan ló ń yí sínú nígbà yẹn. Kí wọ́n ṣe ti ọ̀tún náà síta lọ́tùn-ún. Bí ti òsì kò bá lọ tó ti ọ̀tún, tí ìrora sì mú wọn lábẹ́ ikùn níbẹ̀, oríkèé ìbàdí ni kí ẹ fura sí. Ìrora tó bá ti ẹ̀yìn wá yàtọ̀: inú ìdí ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, á gba ẹ̀yìn itan kọjá orúnkún lọ sínú àtẹ́lẹsẹ̀, á sì máa ta bí iná.

Ṣé iṣẹ́ ló fà á? Ọjọ́ orí, ìsanra, ìran ẹni àti bí wọ́n ṣe bí egungun náà wà lára ohun tó ń fà á. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wúwo wà níbẹ̀ dájúdájú. Lọ́dún 1992, ìwádìí kan jáde nínú ìwé àwọn oníṣègùn tí wọ́n ń pè ní BMJ, lórí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì hàn pé àìsàn oríkèé ìbàdí pọ̀ lára wọn ju ti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìjókòó lọ fíìfíì. Láti 2005, ìjọba Britain ti kà á sí àìsàn iṣẹ́ fún ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ oko tó ọdún 10. Wọn ò sọ fún àgbẹ̀ kankan níbẹ̀ pé ó tẹ nǹkan.

Ohun tí bàbá lè ṣe lónìí: ọwọ́ ọ̀tún ni kí wọ́n fi di ọ̀pá ìtìlẹ̀ mú, nígbà tó jẹ́ ìbàdí òsì ló ń dùn wọ́n. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń dì í mú sí apá tó ń dùn wọ́n, kò sì ràn wọ́n lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé ẹrù, bó ti wù kó kéré mọ, ọwọ́ òsì, apá ibi tó ń dùn wọ́n gan-an, ni kí ó wà. Ó lè dà bíi pé mo ṣì í sọ, n kò ṣì í. Ẹrù tó bá wà lódìkejì ń mú kí iṣan ìdí fà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, oríkèé náà ló sì ń san án. Kí wọ́n má jókòó pa sójú kan. Kí wọ́n máa rìn níwọ̀n, kí wọ́n máa jókòó kí wọ́n sì dìde lórí àga láìfọwọ́ tì í, kí wọ́n máa fẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lélẹ̀ gbé ẹsẹ̀ òsì sókè. Bí iṣan bá lágbára, ó ń gba díẹ̀ lára ìyà oríkèé. Kí ẹ má ra ibuprofen tàbí diclofenac fún wọn lọ́pọ̀ yanturu lójú títì. Ó ń ba kíndìnrín àti ikùn jẹ́, pàápàá bí ẹ̀jẹ̀ wọn bá ga.

Bàbá Hamburg:

Àbúrò mi Àbẹ̀kẹ́, Jámánì ni mo wà, iṣẹ́ ẹrù ni mo ti ń ṣe látìgbà tí mo ti dé. Inú bí mi nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ rẹ, torí mo mọ ohun tí òfin ibí sọ nípa rẹ̀.

Láti oṣù kẹjọ ọdún 2021, Jámánì ti fi àìsàn oríkèé ìbàdí tó ti ara ẹrù gbígbé wá sínú ìwé àìsàn iṣẹ́. Òdiwọ̀n wọn rèé: kí ẹrù náà tó 20 kílò ó kéré tán, kéèyàn máa gbé e ó kéré tán ìgbà 10 lójúmọ́, kí àròpọ̀ gbogbo ohun tó ti gbé láyé rẹ̀ sì tó 9,500 tọ́ọ̀nù. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ lè bèèrè owó lọ́wọ́ ilé ìbánigbófò iṣẹ́.

Jẹ́ ká wá ṣírò ti bàbá. Tírélà tó bá gbé 600 àpò, 30 tọ́ọ̀nù nìyẹn. Bí èèyàn mẹ́fà bá já a, 100 àpò ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. 100 àpò ní 50 kílò, tọ́ọ̀nù 5 ni, lọ́jọ́ kan. Bó bá ṣe é fún 300 ọjọ́ lọ́dún, 1,500 tọ́ọ̀nù. Kí ọdún keje tó parí, ó ti kọjá 9,500. Bàbá rẹ ṣe é fún ogún ọdún. Ká tiẹ̀ gé e sí ìdajì torí ọjọ́ tí tírélà ò wá, wọ́n ṣì kọjá ibẹ̀ dáadáa. Àbúrò rẹ tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún lè dé ibẹ̀ kó tó pé márùndínlógójì.

Àpò sìmẹ́ńtì níbí, 25 kílò ni. Sìmẹ́ńtì kan náà ni.

Nílé náà òfin wà o. Employees' Compensation Act ti 2010, òfin owó ìrànwọ́ fún òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ bá ṣe léṣe, ka òṣìṣẹ́ ojúmọ́ mọ́ ọn, kódà ẹni tí wọ́n fẹnu lásán gbà síṣẹ́. Ẹni tó gbani síṣẹ́ ló yẹ kó máa san 1% owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún NSITF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó náà. Ibi tó ti dí ni pé ọ̀pọ̀ olówó ṣọ́ọ̀bù kì í forúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Kí àbúrò rẹ bi ọ̀gá rẹ̀. Ìbéèrè lásán ò ba nǹkan jẹ́.

Ìyá Tómíwá:

Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Ẹ wo genotype bàbá kí ẹ tó parí èrò sórí iṣẹ́. SC lọmọ mi, irú àìsàn fọ̀níkú-fọ̀ladìẹ kan ni, ẹ̀jẹ̀ ò dé orí egungun itan rẹ̀ mọ́, egungun náà kú, kò sì ru àpò kankan rí. X-ray àkọ́kọ́ ò fi nǹkan kan hàn, MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara jinlẹ̀ ju X-ray lọ, ló fi í hàn. Àwọn kan wà tó ní SC tí wọn ò mọ̀ títí wọ́n fi dàgbà. Dókítà tó tọ́jú rẹ̀ tún sọ pé ọtí líle fún ọ̀pọ̀ ọdún àti oògùn bíi dexamethasone àti prednisolone lè pa egungun náà bẹ́ẹ̀. Àwọn kan máa ń fi irú oògùn yẹn sínú àdàlù tí wọ́n ń tà lójú títì, torí ó tètè ń mú kí ara fúyẹ́. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ọ̀rá oògùn tí ẹ̀gbọ́n lódà sọ yẹn, ẹ má fojú kéré rẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Lafẹ́nwá:

Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á bá wa tọ́jú àwọn òbí wa. Mo ṣe àyẹ̀wò orí àga yẹn. Ti ọ̀tún lọ dáadáa. Ti òsì, kò tíì kúrò lójú kan tí wọ́n fi di apá mi mú. Mo bi wọ́n nípa oògùn inú ọ̀rá, wọ́n dákẹ́ títí, lẹ́yìn náà wọ́n ní àwọn lò ó fún ọdún púpọ̀. Wọn ò mọ genotype wọn, a máa ṣe é.

Mo ka ìṣirò bàbá Hamburg sókè fún àbúrò mi. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó lọ kà á fún àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Wọ́n fẹ́ bẹ ọ̀gá wọn kó ra bárò, kí wọ́n má máa ru àpò láti ìdí tírélà dé inú ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ṣé ìyẹn tó? Kí ni kí wọ́n tún bèèrè? X-ray ńkọ́, ṣé ti itan nìkan ni?

Físíò Ìbàdàn:

Bárò dára, ó ń gba ẹrù kúrò lára ìbàdí lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n títo àpò ṣì kù. Kí wọ́n ní kí ṣọ́ọ̀bù má to ó ju ìwọ̀n àyà lọ, kí èèyàn méjì máa gbé àpò kan bí wọ́n bá ń tò ó, kí wọ́n sì máa ṣí ẹsẹ̀ yí po, kí wọ́n má lọ́ ìbàdí. Kí wọ́n máa pààrọ̀ ara wọn: ẹni tó ń tò láàárọ̀, kó ti bárò lọ́sàn-án.

X-ray, ẹ ní kí wọ́n ya ìbàdí méjèèjì sínú àwòrán kan, kí dókítà lè fi ọ̀tún wé òsì. Bó bá mọ́ kedere tí ìrora ò sì lọ, MRI ló kàn, pàápàá pẹ̀lú oògùn tí bàbá ti lò. Bí kèrékèré bá ti tán pátápátá, wọ́n ń pààrọ̀ oríkèé náà ní ilé ìwòsàn egungun ti Ìgbóbì ní Èkó, ẹ lè gba ìwé lọ síbẹ̀ láti ọwọ́ dókítà yín. Owó rẹ̀ pọ̀, ẹ jẹ́ kí ẹbí bẹ̀rẹ̀ sí í kó o jọ láti ìsinsìnyí. Ẹ kọ orúkọ gbogbo oògùn tí bàbá bá rántí sórí ìwé kí ẹ tó lọ, kí ẹ sì mú ọ̀rá tó bá ṣẹ́kù nílé dání.