Báwo la ṣe ń mọ ìtumọ̀ tí "run" ní nínú gbólóhùn?

Atúmọ̀Tuntun:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwé ìlò ẹ̀rọ kan ni mò ń túmọ̀ sí Yorùbá, "run" sì ń dà mí láàmú. Lójú ìwé kan ṣoṣo, mo bá "run the engine", "run a test", "never run the pump dry" àti "if you run out of oil" pàdé. "Sáré" ò wọ ibì kankan nínú wọn, ìtumọ̀ tó wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè sì lọ bẹẹrẹ. Kí ni kéèyàn máa wò kó tó mú ọ̀kan?

GírámàDùn:
Ẹ̀yìn "run" ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Bí ọ̀rọ̀ orúkọ bá tẹ̀ lé e tààrà, ó sábà máa ń jẹ́ pé ẹnì kan ló ń mú nǹkan ṣiṣẹ́ tàbí tó ń darí rẹ̀. "Run the engine": ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́. "Run a test": ẹ ṣe àyẹ̀wò. "Run a school": kéèyàn máa bójú tó iléèwé. "Run a fever" ya tiẹ̀ sọ́tọ̀, torí kò sẹ́ni tó ń darí ibà. Ara onítọ̀hún ló ń gbóná.

Bí ò bá sí ọ̀rọ̀ orúkọ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ wá wo olùwà. Omi ń ṣàn. Bí imú bá ń "run", ikun ló ń dà níbẹ̀. Bí aṣọ bá "run" nínú omi, àwọ̀ rẹ̀ ló ń jáde. "The road runs along the river" ò ní ìrìn kankan nínú: ọ̀nà náà gba ẹ̀bá odò lọ ni.

OníPáǹpù:
"Never run the pump dry" ló yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún jù. Nínú "the well ran dry", kànga gbẹ ni. Ohun tí nǹkan dà ni "run" ń sọ níbẹ̀, bíi ti "run short" àti "run low". Ṣùgbọ́n nínú ìwé yín, páǹpù ni wọ́n ń mú ṣiṣẹ́, "dry" wá ń sọ ipò tó wà nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Bẹ́ ẹ bá kọ "ẹ má ṣe jẹ́ kí páǹpù gbẹ", ẹni tó kà á lè rò pé omi gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ kódà nígbà tó bá pa á. "Ẹ má ṣe jẹ́ kí páǹpù ṣiṣẹ́ láìsí omi nínú rẹ̀" ló tọ̀nà. Ẹ lè fi ìdí rẹ̀ kún un: omi yẹn ló ń mú kí ohun tó dí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá páǹpù tutù, tó sì ń jẹ́ kó máa yọ̀. Láìsí omi, á gbóná, á jó, páǹpù á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò.

ÀkójọỌ̀rọ̀:
Ẹ má fojú kéré ọ̀rọ̀ kékeré tó ń tẹ̀ lé e o. "The oil has run out" àti "we have run out of oil", ọ́ìlì ti tán ni méjèèjì. Ọ́ìlì ni olùwà ti àkọ́kọ́, àwa ni olùwà ti ìkejì, "of" ò sì gbọ́dọ̀ sọnù níbẹ̀. "I ran into him": mo ṣe kòńgẹ́ rẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé mo kọlù ú. "I ran over him" tàbí "I ran him over": mo fi ọkọ̀ tẹ̀ ẹ́. "Over" gbà kí "him" ṣáájú òun, "into" ò gbà.

Ní ti ìwé atúmọ̀ èdè, ẹ wo bó ṣe to ìtumọ̀. Merriam-Webster máa ń fi èyí tó pẹ́ jù síwájú, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń lò jù. Àwọn tí wọ́n ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń fi èyí tó wọ́pọ̀ síwájú, wọ́n á wá kó "run out" àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Irú wọn ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Kí iye ìtumọ̀ má sì bà yín lẹ́rù: nígbà táwọn Oxford English Dictionary tún "run" kọ, 645 ni wọ́n kà fún ọ̀rọ̀ ìṣe náà nìkan, àmọ́ ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń wọnú ìwé ìlò ẹ̀rọ.

Atúmọ̀Tuntun:
Ẹ ṣé gan-an ni. "Run in the new engine for 10 hours" wá ńkọ́?

OníPáǹpù:
Ìyẹn ò jọ "run the engine" rárá. Ẹ rọra lo ẹ́ńjìnnì tuntun náà fún wákàtí 10, láìfi gbogbo agbára rẹ̀ ṣiṣẹ́, kí àwọn irin tó ń ha ara wọn lè bára wọn mu. Bẹ́ ẹ bá tún rí "the battery has run down", iná inú bátìrì ló ti tán.