Sódíọ̀mù bàbá mi lọ sílẹ̀, dókítà ní kí wọ́n dín omi mímu kù. Kí ló dé?

ọmọ_bàbá: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Ọjọ́ kẹrin rèé tí bàbá mi ti wà ní ọsibítù, fáírọ́ọ̀sì ló wọ̀ wọ́n lẹ́dọ̀fóró, ibà, ikọ́, wọ́n ti fi ọ́síjìn sí wọn nímú. Èsì ẹ̀jẹ̀ jáde láàárọ̀ yìí, sódíọ̀mù 127, potáṣíọ̀mù 3.1, dókítà wá ní kí wọ́n má mu omi púpọ̀ mọ́. Ibẹ̀ gan-an ló ti rú mi lójú torí ohun tí gbogbo èèyàn ń sọ ni pé ẹni tíbà ń ṣe kó máa mu omi dáadáa. Ṣebí ọ̀rọ̀ iyọ̀ náà ni sódíọ̀mù, ṣé mi ò lè po omi iyọ̀ fún wọn ni? Ẹni ọdún 71 ni wọ́n o, látàná ni wọ́n sì ti ń forúkọ àbúrò mi pè mí, ẹ̀rù ń bà mí gan-an.

ará_lábù: Ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á fún wọn lálàáfíà. Irú èsì yìí kì í ṣe tuntun sí wa ní lábù. Sódíọ̀mù yẹ kó wà láàárín 135 sí 145, potáṣíọ̀mù, tóun náà jẹ́ ọ̀kan lára iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀, láàárín 3.5 sí 5. Ẹ má po omi iyọ̀ kankan o. Tí sódíọ̀mù bá lọ sílẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe iyọ̀ ló tán lára, omi ló pọ̀ jù. Tí ẹ̀dọ̀fóró bá wú, ara á máa tú àwọn nǹkan tó fi ń bá àìsàn jà jáde, irú bí IL-6, ìyẹn á lọ ta ọpọlọ lólobó, ọpọlọ á tú họ́mónù ADH sínú ẹ̀jẹ̀, ADH á wá ní kí kíndìnrín má jẹ̀ẹ́ kómi lọ. Ìtọ̀ á ki, omi inú ẹ̀jẹ̀ á máa pọ̀ sí i, iyọ̀ tó wà níbẹ̀ kò lọ síbì kankan àmọ́ omi ti bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ wá tún bu omi lé e?

nọ́ọ̀sì_alẹ́: Òótọ́ lẹ sọ ẹ̀gbọ́n, àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn ló rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń bì, tó ń yàgbẹ́ gbuuru, tí ò sì jẹun, omi àti iyọ̀ ló jọ sọnù lára ẹ̀, tẹ́ ẹ bá fi omi du irú ẹni bẹ́ẹ̀ ẹ ti dá kún un nìyẹn, dríìpù oníyọ̀ ló máa nílò. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti yẹ ìtọ̀ wò, torí sódíọ̀mù inú ìtọ̀ ló ń jẹ́ ká mọ èwo ni. Ṣé bàbá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru? Àwọn kan wà níbẹ̀ tó ń mú èèyàn tọ̀, wọ́n máa ń fa sódíọ̀mù àti potáṣíọ̀mù wálẹ̀ pọ̀. Ọ̀rọ̀ orúkọ tí wọ́n ń ṣì pè yẹn, ẹ lọ sọ fún nọ́ọ̀sì ibẹ̀ NÍSINSÌNYÍ, ó lè jẹ́ pé ọpọlọ ló ti ń fara gbá a, ó sì lè di gìrì.

ọmọ_bàbá: Háà! Wọ́n ń lo hydrochlorothiazide o, ó ti tó ọdún mẹ́ta, kò sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ wa. Mò ń lọ síbẹ̀ báyìí.

dókítà_kíndìnrín: Oògùn yẹn gan-an ni nọ́ọ̀sì ń sọ. Ẹ mú páálí rẹ̀ dání lọ, kí dókítà wọn ló pinnu bóyá wọ́n á dá a dúró. Ní ti potáṣíọ̀mù, oògùn tí wọ́n ń fà sí èémí, salbutamol, náà ń tì í kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú sẹ́ẹ̀lì, ẹ bá wọn béèrè iye magnésíọ̀mù, iyọ̀ ara míì, tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn pẹ̀lú torí tíyẹn bá kéré, potáṣíọ̀mù tí wọ́n ń fún wọn ò ní dúró, bí ọkàn wọn ṣe ń lù sì lè dà rú. Ohun kan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn, ẹ má kánjú wọn lórí sódíọ̀mù. Tó bá ti wà nílẹ̀ fún bí ọjọ́ méjì sókè, ọpọlọ ti mọ́ra pẹ̀lú ẹ̀, tí wọ́n bá fà á sókè ju bí 8 sí 10 lọ láàárín wákàtí 24 ó lè ba ohun tó bo iṣan ọpọlọ jẹ́, ìyẹn kì í sì í tètè padà.

ọmọ_bàbá: Mo ti dé ibẹ̀. Wọ́n ti dá oògùn yẹn dúró, wọ́n ti gba ìtọ̀, wọ́n sì ní àwọn á máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà. Wọ́n ní kí n máa kọ iye omi tí wọ́n mu àti iye tí wọ́n tọ̀ sílẹ̀. Ẹ ṣeun gan-an, èsì ìtọ̀ ni mò ń dúró dè báyìí.