“Adènà-ìyọ̀” kọ́ ni ohun tí ó ń fa apá giramafóònù síta

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá pé kí a máa pe anti-skate, ohun èlò kékeré tí ó ń fa apá tí ó gbé abẹ́rẹ́ giramafóònù síta kí ó má baà tẹ̀ jù sí àárín àwo, ní “adènà-ìyọ̀”, àwọn mẹ́ta sì ti kọ̀wé láti fọwọ́ sí i. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n, nítorí pé wọ́n ti wà nídìí iṣẹ́ èdè kí n tó mọ̀wé kọ, ṣùgbọ́n orúkọ yìí dùn mí débi pé n kò lè dákẹ́. Ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. A kò wo inú poro àwo, ìlà jíjìn tí abẹ́rẹ́ ń tọ̀, kí a tó sọ eléyìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú “yọ̀”. Ohun tí ó bá ń yọ̀ kò rí ibi dì mú, bí ẹsẹ̀ lórí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Abẹ́rẹ́ tí ó wà nínú poro kò sí nípò bẹ́ẹ̀ rárá. Ògiri méjì ni ó há a mọ́ àárín, ọ̀kan níhà àárín àwo, èkejì níhà etí rẹ̀. Bí àwo ti ń yí, ògiri méjèèjì ń ra abẹ́rẹ́ lára, wọ́n sì ń wọ́ ọ lọ ní ìlà poro. Nítorí pé orí apá náà ṣẹ́ sínú ní nǹkan bí dígíríì 20 sí 25, ìlà tí a fi ń wọ́ ọ kò gba ìdí tí apá ti ń yí kọjá, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ó gbà, ìdí sì nìyẹn tí gbogbo apá fi ń tẹ̀ sí àárín àwo. Abẹ́rẹ́ kò kúrò nínú poro rẹ̀. Ògiri inú ni ó fara tì, ti òde sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ohùn òsì ni a kọ sára ògiri inú, ohùn ọ̀tún wà lára ti òde; nítorí náà, sípíkà ọ̀tún ni ohùn rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ há bí agbára tí ó ń fa apá síta kò bá tó. Èwo ni ìyọ̀ nínú èyí?

Mo mọ ibi tí ẹ̀gbọ́n ti rí i. Wọ́n ní kí a gbé abẹ́rẹ́ lé àwo tí kò ní poro, kí a sì máa yí bọ́tìnì títí apá yóò fi dúró lójú kan. Lórí irú àwo bẹ́ẹ̀, òtítọ́ ni pé abẹ́rẹ́ a máa yọ̀ lọ sí àárín lójú ẹni. Ṣùgbọ́n ṣóńṣó rẹ̀ nìkan ni ó kan ojú títẹ́jú yẹn, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ni ó ń ra ògiri nínú poro, agbára tí ó ń wọ́ ọ kò sì lè jẹ́ ọgbọọgba. Ìdánwò tí kò bá iṣẹ́ mu ni ó bí orúkọ náà, ẹni tí ó bá sì fi orúkọ náà ṣe amọ̀nà yóò tún padà sídìí ìdánwò yẹn.

“Adènà” pàápàá kò tọ̀nà. Apá gbọ́dọ̀ máa wọlé. Poro ni ó ń darí rẹ̀ láti etí àwo títí dé àárín, bí ohunkóhun bá sì dènà rẹ̀, orin kò ní parí. Ti àmì ohùn tún wà níbẹ̀: àmì orí “i” nìkan ni ó ya ìyọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára iyọ̀ tí a ń jẹ, ẹ sì mọ bí àwọn ènìyàn wa ti ń kọ̀wé láìfi àmì sí i.

Ohun tí mo fara mọ́ ni “ìfàsínú” fún agbára tí ó ń tẹ apá sí àárín, “ìfàsíta” fún èyí tí ó ń dá a padà, àti “afàsíta” fún ohun èlò náà fúnra rẹ̀, yálà bọ́tìnì ni tàbí òwú. “A-” yìí kì í ṣe àjèjì. Òun ni ó wà nínú asẹ́, nínú amúlétutù àti asọ̀rọ̀mágbèsì. N kò hun ún láti orí ara mi. Ẹ̀rọ bàbá mi ní òwú kan tí ó tín-ín-rín ju òwú ìránṣọ lọ, irin kékeré kan tí kò tóbi ju èékánná ọmọ ìka lọ rọ̀ sí i ní ìdí, wọ́n a sì máa sún òwú náà láti kòtò kan sí èkejì. Nígbà tí mo béèrè iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n ní, “Òun ni ó ń fa apá síta.” Wọn kò pe yọ̀.

Àbúrò wa tí ó ní “síta” yóò mú kí abẹ́rẹ́ fò kúrò lórí àwo ń ṣi nọ́ńbà kà. Bí abẹ́rẹ́ bá fi gíráàmù 2 tẹ àwo, a óò yí bọ́tìnì sí 2, ṣùgbọ́n 2 yẹn kì í ṣe gíráàmù ìfàsíta. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ ni fífà náà. Ẹni tí ó dábàá “amápádọ́gba” ńkọ́? Ìwọ̀n tí ó wà ní ẹ̀yìn apá ni ó ni orúkọ yẹn, n kò sì ní yí ohùn mi padà lórí rẹ̀.

Nígbà tí mo bá ń to apá ẹ̀rọ, ìwúwo abẹ́rẹ́ ni mo ń kọ́kọ́ wọ̀n, lẹ́yìn náà ni mo ń yí afàsíta sí nọ́ńbà kan náà. Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ẹ̀rọ, kí n wo igi tín-ín-rín tí ó gbé abẹ́rẹ́ dúró bí ó ti ń bọ́ sínú poro: bí ó bá tẹ̀ sí ìhà etí àwo, ìfàsíta kò tó, bí ó bá tẹ̀ sí ìhà àárín, ó ti pọ̀ jù. Lẹ́yìn èyí ni mo ń gbọ́ ibi tí orin ti lọ sókè ní apá ìparí àwo. Bí ọ̀tún bá há, mo fi díẹ̀ kún un. Bí ó bá jẹ́ òsì, mo dín in kù. Ìfàsínú kì í dúró lójú kan láti etí dé àárín, ìrísí ṣóńṣó abẹ́rẹ́ sì ń yí i padà, nítorí náà ibi tí ìhà méjèèjì ti jọ mọ́ ni à ń wá.

Kí ẹ̀yin tí ẹ fọwọ́ sí “adènà-ìyọ̀” gbé àwo tí ó ní poro sórí ẹ̀rọ lálẹ́ òní, kí ẹ yí bọ́tìnì náà sí òdo, kí ẹ sì kọ̀wé padà pé ìhà wo ni ó kọ́kọ́ há, àti ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó wá sí yín lẹ́nu.